Uswat Alárinà Oníwáìnì

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù wáìnì Màdáámù Fọláyọ̀ ní Àgídìngbì, tí ẹ ní kí Uswat fún yín ní pupa kan tó dára, kò ní dá yín lóhùn lórí ọ̀rọ̀ pupa yẹn. Ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹ ní ẹ fẹ́ mu ún ni. Á ní òun mọ̀ pé ẹ fẹ́ mu ún, ṣé ẹ fẹ́ fi wẹ̀ ni, àmọ́ níbo, pẹ̀lú ta ni, kí ló ṣẹlẹ̀? Bí ẹ bá lọ jẹ́wọ́ pé ẹ fẹ́ gbé e lọ kí àna yín, ẹ ti kó sí i lọ́wọ́ nìyẹn. Á fi yín jókòó sórí àga onírọ́bà, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìdílé tó ṣe ìgò kọ̀ọ̀kan fún yín, àfi bí ẹni pé ìyàwó lẹ wá fẹ́ nínú ilé wọn.

Uswat fúnra rẹ̀ kò fẹnu kan ọtí rí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ilé ìmàle ni wọ́n bí i sí, ilé ìmàle ló sì fẹ́ sí. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ọ̀gbà ló ti ń di bísíkíìtì sí páálí tẹ́lẹ̀, kí àwọn tó ni ín tó kó ẹ̀rọ wọn lọ, tí ọgbà náà sì di ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tó ríṣẹ́ ìgbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wáìnì, ó lọ sọ fún Shuaib ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe jórinjórin ní Agége. Shuaib ronú títí, ó ní ara ìgò ni kó máa nù o, kó má bá wọn dé inú ẹ̀. Bó ṣe débẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn ẹ̀sìn lórí ẹ̀ kó wá Shuaib lọ sí Agége, kó fi èmi sílẹ̀.

Wáìnì tí Màdáámù ń kó wọlé kì í ṣe ti àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé tó ni ọgbà àjàrà tara wọn ló ti ń rà á, ní Pọ́túgà, ní Jọ́jíà, ní Ítálì àti ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tó jẹ́ pé bàbá ló ń gbìn, ọmọ ló ń ká, ìyàwó ilé ló sì ń lẹ bébà mọ́ ìgò. Màdáámù jẹ́ ọmọ Èkìtì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ràn ohun tó bá ní ìtàn nínú. Olúwabùsáyọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a tà á. Bùsáyọ̀ lọ kọ́ nípa wáìnì. Bí oníbàárà bá dé, á gbé ife sókè, á fi imú fà á, á ní eléyìí ní òórùn ewé tútù, tọ̀hún ń ta sánsán bí awọ bàtà tuntun. Oníbàárà á mi orí, á ní ó dáa, òun ń bọ̀. Kì í padà wá, àbí ta ni yóò fowó ra bàtà mu?

Ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, torí ooru máa ń ba wáìnì jẹ́. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ á gbà á. Uswat tó ń gbé yàrá olójú fèrèsé kan ní Agége á máa nu àwọn ìgò náà, á máa wò wọ́n, á ní ẹ̀yin ọmọ olówó, ẹ sùn dáadáa.

Ó ń nù wọ́n lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ni obìnrin kan wọlé, tó ń wá ohun tó máa gbé lọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń bínú. Bùsáyọ̀ ti ń fà á lọ sórí ọ̀rọ̀ awọ bàtà. Uswat, tó ti gbọ́ ìtàn àwọn ìgò náà lẹ́nu Màdáámù, kò mọ ìgbà tó dá sí i.

"Àǹtí, ti Jọ́jíà yìí ni kẹ́ ẹ gbà," ló wí. "Ìyá ọkọ àti àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló jọ ń ṣe é. Inú ìkòkò amọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni gbogbo wọn ń da àjàrà sí, wọn ò sì jà rí. Ẹ gbé e fún màmá, kẹ́ ẹ sọ ohun tí mo sọ yìí fún wọn."

Obìnrin náà ra páálí kan. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó padà wá, ó ní màmá ti ń jẹun òun báyìí. Ọjọ́ yẹn ni Màdáámù gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ Uswat.

Àtìgbà náà ni Uswat ti sọ ọtí títà di iṣẹ́ alárinà. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣèwádìí ìdílé kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ nílé wa, pé ṣé kò sí olè níbẹ̀, ṣé wọn kì í ya wèrè, ṣé wọ́n ń tọ́jú arúgbó wọn? Irú ẹ̀ gan-an ló ń ṣe fún ìgò. Bùsáyọ̀ fi bó ṣe máa wo àwọn ìdílé náà lórí Instagram hàn án, ó sì di pé Uswat mọ̀ wọ́n ju àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀ lọ. Orúkọ tí òyìnbó ń jẹ́ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó bá sọ wọ́n lórúkọ tiẹ̀. Ti Pọ́túgà ni Ilé Bàbá Onífìlà. Ti Jọ́jíà ni Ilé Oníkòkò. Ti Gúúsù Áfíríkà ni Ilé Opó, kò sì sí ohun tí ẹ lè ṣe tó máa fi ta Ilé Opó fún ẹni tó ń ṣègbéyàwó. Bí wọ́n bá bímọ ní Pọ́túgà, á kọ àdúrà sábẹ́ fọ́tò ọmọ náà ní Yorùbá gidi, pé Ọlọ́run á dá a sí, á jẹ́ kí wọ́n jẹun ọmọ. Àwọn ará Pọ́túgà á fi àwòrán ọwọ́ àdúrà dá a lóhùn.

Èyí tó tà jù nínú gbogbo wọn ni ti Ítálì, tó pè ní Ilé Tẹ̀gbọ́n-Tàbúrò. Ara ìgò yẹn ni àwòrán ọkùnrin méjì wà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tí wọ́n jọ di agbọ̀n àjàrà kan mú. Uswat ti tà á fún àwọn tó fẹ́ jọ dá òwò sílẹ̀, ó ti tà á fún ọmọ ìyá tó fẹ́ jọ kọ́lé, ó ti tà á fún ọkọ àti ìyàwó tó ń padà sọ́dọ̀ ara wọn. Nígbà tí Màdáámù rí bó ṣe ń tà, ó kó o wọlé rẹpẹtẹ, títí páálí ẹ̀ fi kan àjà nínú sítọ́ọ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni Uswat rí i pé nǹkan kan kò lọ dáadáa ní Ítálì. Fọ́tò tí wọ́n gbé jáde nígbà ìkórè, ẹ̀gbọ́n nìkan ló dúró. Fọ́tò tó tẹ̀ lé e, àbúrò nìkan. Lẹ́yìn náà ló rí wáyà tí wọ́n fà gba àárín ọgbà àjàrà kọjá, tí wọ́n ri òpó mọ́ ọn. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó ní kí Bùsáyọ̀ bá òun wádìí lọ́wọ́ àbúrò tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àbúrò kò fi bò. Bàbá wọn ló kú. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni òun àti ẹ̀gbọ́n òun ò ti bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Kálukú ń ro ìhà tiẹ̀, ẹni tí wọ́n háyà ló ń da àjàrà wọn pọ̀, torí orúkọ bàbá wọn ni ọtí náà ń jẹ́. Ìyá wọn ń gbé ilé tó wà láàárín, ó ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì.

Inú Uswat bàjẹ́ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ọtí ìjà lòun ń kó fún ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá bẹ́ sílẹ̀ ni ọjọ́ tí Ẹnjiníà Olúwaníyì fi mọ́tò wá láti GRA. Ó ní òun mu wáìnì Ítálì kan lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun, èyí tí ọkùnrin méjì gbé agbọ̀n lára rẹ̀, òun sì fẹ́ ẹ púpọ̀ fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọ òun.

"Ẹ má bínú sà," ni Uswat wí, "mi ò lè tà á fún yín."

"Ṣé ó ti tán ni?"

Páálí ọ̀hún rèé lẹ́yìn rẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Uswat kò lè ní ó ti tán.

"Kò tán sà. Ìjà ló wà nínú ẹ̀."

Ẹnjiníà sún sẹ́yìn díẹ̀. Ó ní ìjà báwo, ṣé ó máa ń bú gbàmù ni? Uswat wá rọra ṣàlàyé wáyà àti òpó àti òkú bàbá fún un. Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, ó ní èèyàn tó kàwé lòun, òun ò gba irú ẹ̀ gbọ́. Àmọ́ ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó ń sọ ọ́ fún un bí àwàdà. Ohùn ìyàwó dé ọ̀dọ̀ Bùsáyọ̀ nídìí káńtà.

"Kí lo ní wọ́n pè é? Lọ́jọ́ ìdùnnú ọmọ mi? Olúwaníyì, má gbé e wọlé mi o."

Ẹnjiníà lọ lọ́wọ́ òfo. Kó lọ lọ́wọ́ òfo nìkan ni ì bá sàn. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà ní fóònù, kò sì pẹ́ tí gbogbo ilé onígéètì ní GRA fi gbọ́ pé wáìnì kan wà ní Àgídìngbì tó ń tú ilé ká. Àwọn kan tún ń dá ìgò padà.

Bí inú bá bí Màdáámù, Èkìtì ló máa ń sọ. Ó sọ ọ́ títí ní ọjọ́ yẹn kó tó padà sí Yorùbá tí Uswat gbọ́.

"Ìyá Màrdíyyàh, o ò ṣí ìgò, o sì ba ọtí jẹ́. Ẹnu tí o fi bà á jẹ́ náà ni kí o fi tún un ṣe. Bí ọjà yìí bá ṣì wà nílẹ̀ báyìí nígbà tí oṣù bá parí, kí o máa lọ ilé ẹ."

Ẹ̀rù ba Uswat gan-an. Màrdíyyàh ọmọ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Jórinjórin kò sì lè jó irin níbi tí kò ti sí iná, ẹ̀yin náà mọ Agége. Sànní tó ń gbé páálí nínú sítọ́ọ̀ ní ohun tó rọrùn ni. Ó ní kí Ìyá Màrdíyyàh sọ fáwọn oníbàárà pé wọ́n ti parí ìjà, ta ló máa lọ sí Ítálì lọ wò ó? Uswat bínú. Ó ní òun kì í purọ́ fún oníbàárà. Bí wọ́n bá ti parí ẹ̀, òun á sọ bẹ́ẹ̀, bí wọn ò bá tíì parí ẹ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan ní láti bá wọn parí ẹ̀.

Sànní ní ta lẹni náà. Uswat ti ń to páálí sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè ráàyè kúnlẹ̀.

Wahab tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village ti bá a fi nǹkan kan sínú fóònù rẹ̀ tó ń sọ Yorùbá di èdè tó bá wù yín. Uswat kúnlẹ̀ láàárín páálí, ó so gèlè rẹ̀ le, Sànní sì ń ya fídíò rẹ̀. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n. Ó tún kúnlẹ̀ lọ́tọ̀ bẹ àbúrò. Ó ní àwọn ò mọra rí lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń tajà yín ti di ará ilé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tìtorí ìyá yín.

Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì fi dá a lóhùn. Kálukú wọn fẹ́ mọ ohun tí ìkejì sọ.

Ìkejì kò tíì sọ nǹkan kan. Kí ni alárinà wá fẹ́ wí? Uswat kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n pé àbúrò yín ní kí n kí yín, oorun ò kun ún mọ́. Ó kọ̀wé sí àbúrò pé ẹ̀gbọ́n yín ní ẹ̀yin lòun ń rò ṣáá. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Obìnrin tí kì í purọ́ fún oníbàárà yìí ló ń fi Bísímílà bẹ̀rẹ̀ irọ́. Sànní rán an létí. Uswat ní ìyẹn kì í ṣe irọ́, ìlàjà ni. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó ń gbé ìkíni tí ẹnikẹ́ni kò rán an lọ sọ́tùn-ún, ó ń gbé e bọ̀ lósì, àwọn ọkùnrin méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kó bá òun béèrè bóyá àbúrò òun ti lọ rí dókítà nípa oorun yẹn.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n ṣe gba ẹ̀gbẹ́ wáyà kọjá lọ́jọ́ kan tó lọ kan ilẹ̀kùn àbúrò rẹ̀, tó ní òun ti gbọ́ ìkíni rẹ̀. Àbúrò ní ìkíni wo, ṣé kì í ṣe ìwọ lo kọ́kọ́ ránṣẹ́? Wọ́n kó fóònù jáde. Wọ́n fi wọ́n wéra.

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Bùsáyọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù àti obìnrin onírọ́ yẹn lójúkojú lórí kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ò tún fi ọtí ránṣẹ́ sí Nàìjíríà mọ́ láé.

Màdáámù kò sọ Èkìtì lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ sì tutù, èyí ló dẹ́rù ba Uswat jù.

"Wàá kúnlẹ̀, wàá bẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n bá dárí jì ẹ́, o ṣì ń bá mi ṣiṣẹ́. Bí wọn ò bá dárí jì ẹ́, má wulẹ̀ padà wá mọ́."

Uswat kò rí oúnjẹ jẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Lọ́sàn-án, Bùsáyọ̀ gbé kọ̀ǹpútà sórí káńtà, Màdáámù dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, Uswat kúnlẹ̀ síwájú. Àwọn ọkùnrin méjèèjì yọ. Inú ilé ìdáná ìyá wọn ni wọ́n wà, torí kò sí èyí tó fẹ́ wọ ilé èkejì. Ojú kọ̀ǹpútà kéré, wọ́n sì ní láti fún ara wọn mọ́ra kí àwọn méjèèjì tó lè hàn.

Ẹ̀gbọ́n ló bẹ̀rẹ̀, ó ń sọ ọ́ ní èdè wọn, ó ń gbá tábìlì. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àbúrò ló wá ń túmọ̀ èébú fún un. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ní ògbólógbòó onírọ́ ni obìnrin yìí. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ní ta ló pè é sí ọ̀rọ̀ ilé àwọn. Ó fi tiẹ̀ kún un. Ẹ̀gbọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó tún rán an létí ọ̀kan tó gbàgbé. Ìyá arúgbó kan ń rìn lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀. Ó gbé àwo síwájú ẹ̀gbọ́n, ó gbé àwo síwájú àbúrò, ó bu oúnjẹ sí i. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n bú Uswat, ó gbé búrẹ́dì fún àbúrò rẹ̀, ó ń bú u lọ.

"Ìyá Màrdíyyàh," ni Màdáámù wí, "ó yá, bẹ̀ wọ́n."

Uswat la ẹnu láti bẹ̀bẹ̀. Ìgbà náà ló rí ojú ìyá náà lẹ́yìn àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá náà ti gbé ìkòkò kalẹ̀, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ń wo Uswat, ó sì ń mi orí pé rárá. Ó nawọ́ sí orí àwọn ọmọ méjèèjì tó fara kanra. Ó tún pa ọwọ́ pọ̀.

Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ ìyẹn fún Uswat. Bí òun bá bẹ̀ wọ́n báyìí, wọ́n á dárí jì í, wọ́n á pa kọ̀ǹpútà, kálukú á gba ẹ̀gbẹ́ wáyà tiẹ̀ lọ. Iṣẹ́ òun á wà. Ó rántí Màrdíyyàh. Ó wo ìyá náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó di káńtà mú, ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó gbọn eékún rẹ̀.

"Bùsáyọ̀, sọ fún wọn pé mi ò bẹ̀bẹ̀. Sọ fún wọn pé ohun tí mo ṣe dáa, màá sì tún un ṣe."

Bùsáyọ̀ wo ìyá rẹ̀. Bùsáyọ̀ bá sọ ọ́, àbúrò sì túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ni ariwo bá sọ. Àwọn méjèèjì ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé àbúrò léjìká kó lè nàró dáadáa bú Uswat. Ìyá wọn yí padà, ó fi etí aṣọ ìdáná nu ojú rẹ̀, ó sì tún bu ọbẹ̀ sínú àwo wọn.

Uswat ń retí kí Màdáámù ní kó kó ẹrù rẹ̀. Màdáámù Fọláyọ̀ ti sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ojú arúgbó yẹn ló ń wò. Ó fa àga onírọ́bà kan síwájú Uswat, ó fa ìkejì fún ara rẹ̀, ó jókòó, ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Bùsáyọ̀," ló wí, "sọ fún wọn pé èmi gan-an ni mo rán an."

Bùsáyọ̀ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n gbé ṣíbí kalẹ̀, ó ní kí àbúrò òun sún mọ́ òun sí i, kóun lè rí obìnrin kejì yìí dáadáa.